Méje Tí Kò Di Ìgbànú

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àjọ̀dún ilé-ìwé náà. Wọ́n ní mo wà lára ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́kù tí ojú wọn tó o nígbà tí a gba ife. Wọn ò purọ́. Ojú mi tó o. Èmi gan-an ni wọ́n fi gbà á.

N ò ní lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ, wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ọ lójú àlejò, nítorí náà mo kúkú kọ ọ́ síhìn-ín. N ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì ń kàwé níbẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí inú ṣe bí mi lọ́dún 1952 ló ṣì ń bí mi lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé kí n gbàgbé, kí ó kọ́kọ́ jókòó gbọ́.

Mosúnmọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ògúndìran, àgbẹ̀ oníṣu, ará Másífà tó kọ́lé sí Ẹ̀jìgbò. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, mo wà ní ìwé kẹfà. Obìnrin mẹ́ta péré ló wà ní kíláàsì wa, èmi ni mo sì ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò. Mi ò fi yangàn o. Àwọn ọkùnrin kíláàsì náà ni kì í fẹ́ rántí, ni mo ṣe ń rán wọn létí. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń lé láyé mi nígbà yẹn: kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà obìnrin n'Ìbàdàn. Wọn kì í gba ọmọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ kọ lẹ́tà, tó fi jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, ti ṣèlérí lẹ́tà yẹn fún mi lójú bàbá mi.

Ife tí wọ́n ń wí yìí, ife bọ́ọ̀lù ni. Gbogbo ilé-ìwé àgbègbè wa ló ń du ú. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ilé-ìwé kan a máa lọ kó géńdé tó ti ń fá irùngbọ̀n wá láti oko, wọ́n á wọ ṣòkòtò péńpé fún un, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ fi ṣòfin pé ẹni tí kò bá yege ìdánwò ìparí táàmù, àti ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ife. Bí àwọn ọmọ bá fúnra wọn ṣe màgòmágó nínú ìdánwò, wọn yóò lé àwọn ọmọ náà, ife yóò dúró, torí ilé-ìwé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá lọ́wọ́ sí i, ilé-ìwé yóò dá ife padà, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́ta, tíṣà náà yóò sì kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Òfin tó dára ni. Èèyàn ni kò dára.

Mùkáílà ni agbábọ́ọ̀lù wa. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, kò sì tíì ju ọdún kan ààbọ̀ lọ tí wọ́n dá a padà wálé sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá dúró dè é, ilẹ̀ ni onítọ̀hún máa bá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwọn Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò yé e, pọ́n-ùn àti ṣílè kò yé e, bí ẹ bá sì bi í ní ìbéèrè tí ẹ̀rù bà á, "Wí, misié," ìyẹn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lédè Faransé, ló máa fi dáhùn, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni. N ò bínú sí i rí.

Ó ní bó ṣe máa ń kọ méje. Wọ́n ti kọ́ ọ l'Ábíjàn pé kí ó fa igi kékeré kan dábùú rẹ̀ láàrin. Ìgbànú ni àwa ń pè é. A ó ní, "Mùkáílà ti tún de méje nígbànú." Ọ̀gá Oyèdèjì kò fẹ́ fojú kàn án. Bó bá ti rí i báyìí, ẹgba mẹ́fà. Ó ní ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìyí, kì í ṣe ti Faransé. Nígbà tó yá, bí ọ̀gá bá ń wò ó, Mùkáílà kì í de ìgbànú yẹn. Bí ọ̀gá bá ti yíjú, ọwọ́ rẹ̀ á tún dè é. Ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ ní kékeré ni, ẹgba ò lè tú u.

Ìdánwò dé. Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá a wá máàkì díẹ̀ kún un, ó kọjá. Ìṣirò, márùn-ún ló gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí bọ́ọ̀lù ife bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí àwọn yòókù wà lóko ilé-ìwé, Ọ̀gá Oyèdèjì pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ìwé ìbéèrè, bébà tuntun àti tàdáwà síwájú mi.

Ó ní, "Kọ orúkọ Mùkáílà sókè. Ṣe gbogbo ìṣirò náà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dára jù. Márùndínláàádọ́ta ni mo fẹ́ fún un."

Mo ní, "Sà, òfin tí wọ́n kà fún wa ńkọ́?"

"Èmi ni mo kà á fún yín. Ìwọ fẹ́ kọ́ mi ni?" Ó fọwọ́ gbá ojú tábìlì. "Lẹ́tà rẹ wà nínú tábìlì yìí. N kò tíì fọwọ́ sí i."

Mo kọ ọ́. N ò ní dá ara mi láre fún yín. Mo mọ̀ pé kò dára, mo kọ ọ́ nítorí lẹ́tà. Ọ̀gá dúró lé mi lórí bí ẹni tó ń ṣọ́ iṣu tó fi síná. Ó ní kí n jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́ bíi ti ọkùnrin, mo jẹ́ kó wọ́. Ó ní kí n ṣi mẹ́rin nínú ìbéèrè náà, mo ṣì í. Nọ́ńbà méje pọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi ni mo ṣe kọ wọ́n, láìde ọ̀kankan nígbànú. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Òun náà, òun tó ti lu ọmọ olọ́mọ bí ẹni lu bàrà nítorí méje, kò sọ sí i lọ́kàn.

Bí Mùkáílà ṣe yege nìyẹn. Wọ́n kàn sọ fún un pé wọ́n tún ìwé rẹ̀ wò ni, inú rẹ̀ dùn, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. A gbá bọ́ọ̀lù, a ń borí títí a fi bá Ifẹ̀-Ọ̀dàn pàdé ní àṣekágbá, lórí pápá tiwa n'Ẹ́jìgbò. Bàbá mi fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Òun ló fi àdá rẹ̀ ṣán pápá yẹn láti àárọ̀ kùtù, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Góòlù méjì sí ọ̀kan la fi nà wọ́n, Mùkáílà ló jẹ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, bàbá mi sáré wọlé, ó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó ń sáré yí pápá ká, fìlà rẹ̀ ti já bọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kò gbé èmi kọ́ èjìká rí. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ò dákẹ́, wọn ò sì yẹ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn pé ọmọ Àbíjàn tí kò mọ pọ́n-ùn yàtọ̀ sí ṣílè, ibo ló ti rí márùndínláàádọ́ta nínú ìṣirò? Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, alábẹ̀wò ilé-ìwé gun alùpùpù dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó wọ awò ojú, kì í gbóhùn sókè. Ó gba ìwé ìdánwò Mùkáílà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wọ kíláàsì wa, ó pe Mùkáílà síwájú pátákó.

Ó ní, "Bá mi kọ ọ́ síbẹ̀: mẹ́tàdínlógún lọ́nà méje."

Mùkáílà mú ẹfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Méjì ni méje tó wà níbẹ̀. Ó de àwọn méjèèjì nígbànú.

Ọ̀gá Oyèdèjì wà lẹ́yìn alábẹ̀wò. Mo rí i tó la ẹnu tí kò lè pa á dé. Alábẹ̀wò wo pátákó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo pátákó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ ìwé náà láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Méje mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé yìí. Kò sí ìdábùú lára ọ̀kankan. Ọmọkùnrin, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Wí, misié," ni Mùkáílà wí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alábẹ̀wò ní kí a kó gbogbo ìwé ìṣirò wa jọ. Ó jókòó tì í, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo máa ń fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn ní kíláàsì wa. Mo sì ti fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn Mùkáílà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó débi ìwé tèmi, ó dúró.

"Ta ni Mosúnmọ́lá?"

Mo dìde. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí ta ló ní kí n kọ ọ́. Mo yíjú sí Ọ̀gá Oyèdèjì. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe gọ̀ tó, mo rò pé àgbàlagbà yóò sọ̀rọ̀! Òrùlé ló ń wò bí ẹni tó ń ka páànù. Nígbà tí alábẹ̀wò rí i pé èmi náà ò lè fọhùn, ó ní kí n mú bàbá mi wá ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, òun yóò gbọ́ ẹjọ́ náà parí.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dé ilé wa: Ọ̀gá Oyèdèjì, Bàbá Abíọ́nà tó jẹ́ olórí àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé-ìwé wa, àti alàgbà méjì mìíràn. Èmi àti ìyá mi, Àpèkẹ́, ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú mi kòrókòró ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mí.

Bàbá Abíọ́nà ní, "Ògúndìran, ọ̀rọ̀ ìlú la bá wá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀gá lọ́wọ́ sí i, ife lọ, bọ́ọ̀lù lọ fún ọdún mẹ́ta, ọ̀gá náà lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ ló dá a ṣe, ó parí sórí ọmọ náà."

Bàbá mi ní, "Èmi mà ni mo bí ọmọ náà."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ni. Ṣé ìwé ló máa sè fún ọkọ jẹ ni? Mùkáílà, wọ́n ti ń mú un padà s'Ábíjàn ní tiẹ̀. Àbí o fẹ́ kí àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá gbé ife jáde nílùú yìí lójú wa?"

Ọ̀gá Oyèdèjì ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun. Mo lọ́mọ mẹ́rin."

Ìyá mi sọ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé àwọn mẹ́rin yẹn lẹ rán níṣẹ́ ìdánwò ni?"

Bàbá Abíọ́nà ní, "Àpèkẹ́, lọ wo ọbẹ̀ rẹ lórí iná."

"Kò sí ọbẹ̀ lórí iná," ni ìyá mi wí, kò sì dìde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ òwe yẹn sójú pátákó ní kíláàsì wa. Àgbà márùn-ún ló wà nílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí a bá ka bàbá mi mọ́ wọn, àwọn gan-an ló gbá orí mi mú tí wọ́n wọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi ní, "Lọ́la, wàá sọ fún ọkùnrin yẹn pé ìwọ lo dá a ṣe."

"Bàbá, irọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

"Lẹ́tà mi ńkọ́? Ìbàdàn tí mò ń lọ ńkọ́?"

Ó ní òun ti fún wọn lọ́rọ̀ òun. Ó mú ọkọ́, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń ro ibi tí kò sí koríko. Ìyá mi ní kí n má dá a lóhùn, pé ẹnu mi ni ẹnu mi, kí n lọ fi sọ òótọ́. Mo pinnu pé ohun tí mo máa ṣe nìyẹn.

Aago mẹ́wàá lù. Alábẹ̀wò jókòó sórí àga ọ̀gá. Bàbá mi àti Bàbá Abíọ́nà wà lórí bẹ́ńṣì, Ọ̀gá Oyèdèjì dúró, èmi náà dúró. Mùkáílà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì kàn án.

Alábẹ̀wò ní, "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ tíṣà ló fi ipá mú ọ, òfin kò ní lé ọ. Wàá parí ìwé rẹ. Òótọ́ nìkan ni kí o sọ."

Àyà mi balẹ̀. Mo sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀: ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, bébà, tàdáwà, márùndínláàádọ́ta, lẹ́tà inú tábìlì. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá Oyèdèjì ní, "Irọ́ ló ń pa, sà. Àwọn méjèèjì jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni. Ó jí bébà nínú ọ́fíìsì mi."

Alábẹ̀wò kò tilẹ̀ wò ó. Bàbá mi ló yíjú sí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ yìí. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá tẹ̀ lé. Ṣé ọmọ tó máa ń purọ́ ni?"

Bàbá mi ti ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ló wà tó lè gbà. Ó lè ní òun ò mọ̀. Ó lè dákẹ́. Ká ní ó dákẹ́ lásán, ǹ bá ti dárí jì í.

Ó ní, "Ó máa ń purọ́, sà. Láti kékeré ni."

Mùkáílà pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "Kì í purọ́! Kì í purọ́ rárá!" Wọ́n fà á jáde. Ta ni ì bá gba ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìwé tirẹ̀ gan-an ló dá ẹjọ́ sílẹ̀? Alábẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ kó tó dá a padà. Mo gbà dọ́ba pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló fi yàtọ̀? Ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí wọ́n na àwa méjèèjì ní ẹgba méjìlá níwájú gbogbo ilé-ìwé, kí wọ́n lé wa, kí ilé-ìwé kankan lágbègbè náà má gbà wá. Ó kìlọ̀ fún Ọ̀gá Oyèdèjì pé kí ó máa ti ọ́fíìsì rẹ̀ dáadáa. Ife dúró.

Ẹni tó gbé tàdáwà síwájú mi náà ló gbé ẹgba. Ó nà mí kárakára, kí ojú má baà tì í. Mùkáílà sunkún, èmi ò sunkún. Ní Sátidé, ó bá ọkọ̀ lọ s'Ábíjàn. Ọ̀gá Oyèdèjì, lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé tó tóbi ju tiwa lọ. Èmi, wọ́n ti fi mí fọ́kọ kí ọdún kejì náà tó pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ibi tí mò ń lọ mọ́. Ẹ kò rí òfin bí? Ó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n nà wá, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ife ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pa àgbò ńlá. Wọ́n fún bàbá mi ní odindi itan kan, kò sí alàgbà kankan tó gba tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé e wálé lọ́sàn-án gangan, ó ní kí ìyá mi sè é, ìyá mi ní ọwọ́ ń dun òun. Ó sè é fúnra rẹ̀, bàbá mi tí kì í wọ ilé ìdáná. Ó gé ibi tó dára jù, ó bu ú sínú àwo táńganran, ó gbé e wá síwájú mi.

Ó ní, "Mosún, jẹun."

Mo gbé àwo náà, mo jáde sójú àgbàlá, mo pe ajá Ọ̀ṣuntókun aládùúgbò wa, mo da gbogbo ẹran náà sílẹ̀ fún un. Mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán tó fi lá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé àwo òfìfo padà wọlé, mo gbé e kalẹ̀ síwájú bàbá mi, mo dúró, mo ń retí.

Bàbá mi yìí ti fi bẹ́líìtì nà mí ní oṣù kan ṣáájú nítorí pé mo da ẹ̀kọ nù. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ọwọ́ yẹn, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wo àwo. Ó wò mí. Ó tún wo àwo, ó sì tẹrí ba.

Kò nà mí. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, kò gbọ́wọ́ sókè sí mi mọ́, bí ohun tí mo ṣe ti wù kó burú tó. Àwọn èèyàn ní ó fẹ́ràn mi ju àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù lọ.